Ẹ yé da kápúsù sínú omi ẹja: omi gan-an ló ń ṣàìsàn

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí a jọ ń sin ẹja ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí ẹlòmíì nínú. Kó bí i nínú. Ẹja tó ń kú lọ́wọ́ wa ju ọ̀rọ̀ ìbínú lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí: ọ̀pọ̀ àrọ̀ tó ń kú lọ́wọ́ wa, kì í ṣe kòkòrò ló kọ́kọ́ pa á. Omi ló pa á, àwa la sì ba omi jẹ́. Tí ẹja bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yíwọ́, dípò ká wo omi, a ó sáré lọ bá oníkẹ́míìsì, a ó ra tetracycline, ampiclox àti Flagyl, a ó tú kápúsù, a ó dà á sínú pọ́ǹdù. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Àṣà yìí ń pa wá lówó, ó sì ń pa àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wa lára. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú ẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí pé èmi náà ti ṣe é rí.

Mo ní pọ́ǹdù oníkọ́ńkéré kan lọ́nà Lálúpọn. Ó gùn ní mítà 5, ó fẹ̀ ní mítà 3, omi inú ẹ̀ ga tó mítà 1. Ìyẹn ni 15,000 lítà omi. Mo kó ẹja 1,500 sínú ẹ̀. Oṣù kẹrin ni, oòrùn mú gan-an. Pọ́ǹpù mi bàjẹ́, ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ní òun ń bọ̀, n kò rí i. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, n kò pààrọ̀ omi, bẹ́ẹ̀ ni n kò dín fíìdì kù. Mo ní kí wọ́n tètè tóbi kí n rí wọn tà. Ojúkòkòrò, kí lẹ tún fẹ́ pè é?

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ẹja kọ̀, wọn kò jẹun mọ́. Wọ́n gbórí sókè, wọ́n dúró ṣánṣán lójú omi bí òpó. Mo fóònù ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní dókítà. Kò wá. Kò béèrè ìgbà tí mo pààrọ̀ omi gbẹ̀yìn. Kò béèrè iye ẹja tó wà níbẹ̀. Ó ní kí n ya fọ́tò ránṣẹ́. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú kan, ó ní, "Kòkòrò ni. Ra kápúsù ọgọ́rùn-ún, tú u sí i. Má pààrọ̀ omi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí oògùn lè ráyè ṣiṣẹ́."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo kó òkú ẹja 210. Mo tún pè é, ó ní oògùn ni kò tó, kí n fi ọgọ́rùn-ún míì lé e. Nígbà tí ọjọ́ kẹta fi máa pé, ẹja 640 ti lọ. Ìyàwó mi ló bá mi kà wọ́n, ojú mi kò gbà á.

Àbúrò kan tó kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì ló gbọ́, ló bá wá wò mí. Kò mú oògùn kankan dání. Igò wẹ́ẹ́rẹ́ àti páálí aláwọ̀ oríṣiríṣi ló mú wá. Ó bu omi, ó kán nǹkan sí i, ó mì ín, omi náà ṣú bí ewé ẹ̀fọ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, àwọ̀ tó wà nínú igò ti kọjá èyí tó gbẹ̀yìn lórí páálí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ìtọ̀ ara wọn ni ẹja yín ń mu láti ọjọ́ yìí wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹja lọ. Pọ́ǹpù mi tó bàjẹ́ ló yẹ kí n náwó lé, mo lọ náwó lé kápúsù.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Ẹja kò ní ṣáláńgá. Ibi tó ti ń jẹ ló ti ń ṣu, ibẹ̀ náà ló sì ti ń mí. Fíìdì tí a ń fún un kún fún prótéènì. Ẹja á mú díẹ̀ nínú ẹ̀ fi dàgbà, ó kù tá á gba ara ẹ̀ jáde di ammonia. Báàgì fíìdì kan, kìlò 15, tí prótéènì ẹ̀ jẹ́ 42 nínú ọgọ́rùn-ún, máa ń tú ammonia tó lé ní ìdajì kìlò sínú omi. Báàgì kan péré o! Ẹ wá ka báàgì mélòó lẹ ti dà sí i láti ìgbà tí ẹ pààrọ̀ omi gbẹ̀yìn.

Omi tí pH ẹ̀ bá wà ní 7, èyí tó pọ̀ jù nínú ammonia ẹ̀ kì í tètè pa ẹja. Ṣùgbọ́n bí pH bá gun 8, apá tó jẹ́ májèlé nínú ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Bí omi bá ṣe ń gbóná ni májèlé náà ń le sí i. Ẹ ronú sí oṣù kẹrin níbí wa. Ẹ ronú sí táńkì kọ́ńkéré tuntun tí sìmẹ́ǹtì ẹ̀ ṣì ń tú eérú sómi. Ẹ ronú sí omi tó ti di àwọ̀ ewé, tí pH ẹ̀ ń gun lọ́sàn-án, tí ọ́síjìn ẹ̀ sì ń tán lóru. Ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ni ọ́síjìn máa ń kéré jù nínú omi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àárọ̀ kùtùkùtù la sábà ń bá òkú.

Àrọ̀ tún ń tàn wá jẹ. Ó ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tó fi ń yè nínú omi tí ẹpìyà kò ní yè fún wákàtí kan. A wá rò pé kò sí omi tí kò lè gbé. Irọ́ ni. Ó lè gba ọ́síjìn lókè, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó máa sá gbà fún ammonia.

Ẹ ka òkú ẹja kí ẹ tó kó o dànù

Òkú ẹja ń sọ̀rọ̀, àwa ni a kì í fetí sí i. Ẹ jẹ́ ká to ohun tí à ń rí, ká wo èyí tí kápúsù lè wò nínú wọn.

1. Ńlá àti kékeré jọ kú lóru ọjọ́ kan, ara wọn dán, kò sí ọgbẹ́ kankan. Omi ni. Bóyá ọ́síjìn ló tán, bóyá ammonia ló gun, bóyá ẹnì kan fín oògùn koríko lókè odò tó ń ṣàn wá bá yín. Kòkòrò kì í sábà pa ẹja 200 lóru kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ó ti ń pa díẹ̀díẹ̀ bọ̀.

2. Ẹja 2 kú lónìí, 5 lọ́la, 12 lọ́túnla. Ikùn àti ìdí lẹbẹ wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ wà lára, ikùn òmíì wú. Èyí lè jẹ́ kòkòrò àìfojúrí. Aeromonas wà lára wọn, inú omi wa ló sì ń gbé lójoojúmọ́. Ó kàn ń dúró de ìgbà tí omi búburú bá ti tán ẹja lókun ni.

3. Nǹkan funfun bí òwú hù sí ara ẹja. Ó jọ ohun tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ibi tí nẹ́ẹ̀tì ti bó o tàbí tí ẹja míì ti bù ú jẹ ló sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tetracycline kì í bá a jà rárá.

4. Ẹja ń fi ara ha ògiri, ó ń ta gìrì bí ẹni tí yànmùyánmú ń jẹ. Kòkòrò tó ń lẹ̀ mọ́ awọ ẹja àti ibi tó fi ń mí ni, irú bíi Trichodina. Àfi kí wọ́n fi máíkírósíkóòpù wò ó. Kápúsù kì í pa á.

5. Ikùn bẹ́, ìfun yọ jáde, lẹ́yìn tí ẹ bọ́ wọn ní àbọ́jù lọ́jọ́ tí ooru mú. Fíìdì ló pọ̀ jù.

6. Egungun orí sán tàbí kó là. Ẹ wo fíìdì yín. Vitamin C tó wà nínú ẹ̀ ti lè kú, torí pé ó ti pẹ́ jù, tàbí torí pé abẹ́ páànù gbígbóná lẹ kó o sí. Ẹja tí kò bá rí vitamin C tó, egungun ẹ̀ kì í le.

Nínú mẹ́fà yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni oògùn kòkòrò lè wúlò fún, ìyẹn nọ́ńbà 2. Síbẹ̀ gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la ń da kápúsù sí. Tí orí bá ń fọ́ èèyàn, ṣé gígé la máa gé e ni? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kódà níbi tí kòkòrò bá wà lóòótọ́

Ẹ bá mi ṣírò. Kápúsù tetracycline kan jẹ́ mílígíráàmù 250. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀ jẹ́ gíráàmù 25. Nínú omi mi tó jẹ́ 15,000 lítà, kò pé mílígíráàmù 2 nínú lítà kan. Ìwọ̀n yẹn kò tó láti wo ẹja sàn. Ó kàn tó láti kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe máa bá oògùn náà gbé ni. Bí ẹ bá na olè ní pàṣán kan péré tí ẹ ní kó máa lọ, ìjà lẹ kọ́ ọ yẹn.

Nǹkan kejì: tetracycline máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà kálísíọ́ọ̀mù. Kálísíọ́ọ̀mù yìí ló pọ̀ nínú omi kànga tí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú ẹ̀, òun náà ló sì ń jáde lára kọ́ńkéré. Èyí tó pọ̀ nínú oògùn tí ẹ dà sómi kò ní wọ ara ẹja rárá.

Nǹkan kẹta: àwọn kan ní àwọn kì í dà á sómi, inú fíìdì làwọn ń pò ó mọ́. Ó sàn díẹ̀. Àmọ́ ta ló ń jẹ fíìdì náà? Ẹja tó ní àlàáfíà ni. Èyí tó ń ṣàìsàn kò jẹun mọ́.

Nǹkan kẹrin ló dùn mí jù. Kòkòrò rere wà nínú pọ́ǹdù, wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àti ilẹ̀ ẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ ammonia di nitrite, kí wọ́n sì sọ nitrite di ohun tí kì í tètè pa ẹja. Oògùn kò mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Ẹ wá gbé ohun tó lè pa àwọn tó ń bá yín gbálẹ̀ dà sínú omi tí ìdọ̀tí ń pa ẹja nínú ẹ̀. Ṣẹ́ ẹ wá rí i?

"Ṣùgbọ́n èmi lò ó, ẹja mi sì yéé kú"

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn: ṣé ẹ kò pààrọ̀ omi kí ẹ tó da kápúsù? Ọ̀pọ̀ ló ń pààrọ̀ omi láàárọ̀, tí wọ́n á tú kápúsù nírọ̀lẹ́, tí ara ẹja á yá, tí wọ́n á wá máa yin kápúsù. Omi ló ṣiṣẹ́, kápúsù ló gba ìyìn. Òmíì sì rèé, àwọn tó máa kú ti kú tán. Ẹja ti dín, omi tó ń kan ìyókù pọ̀ sí i, ara bá tù wọ́n. Ikú ló bá yín dín ẹja kù, kì í ṣe oògùn ló wò wọ́n.

Àwọn míì á ní, "Àwa kì í lo kápúsù ní tiwa, ewé dóńgóyárò la ń lò." N kò bá ewé jà o. Àmọ́ ewé tó bá jẹrà sínú omi ń jẹ ọ́síjìn omi náà, dóńgóyárò tó bá sì pọ̀ jù lè pa ẹja fúnra ẹ̀. Ewé náà kò ní kí ẹ má wo omi.

Àwọn kan á tún ní, "A kò lówó dókítà." Èyí bọ́gbọ́n mu, mo mọ bí nǹkan ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ ka owó kápúsù ọdún kan papọ̀, ẹ ka ẹja tó kú mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, tó ń wo ammonia, nitrite àti pH, èèyàn mẹ́rin sí márùn-ún lè dáwó jọ rà á ládùúgbò kan. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dáwó jọ gba mọ́tò tó ń kó fíìdì, ẹ̀yin kan náà lè rà á.

Ohun tó tún ń ya mí lẹ́nu ni pé Ìbàdàn la wà. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa ẹja sísìn, ó sì ní ilé ìwòsàn ẹranko. Federal College of Animal Health and Production Technology wà ní Moor Plantation. Àwọn èèyàn ń ti ìpínlẹ̀ míì wá kọ́ṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa. Àwa tí a wà lẹ́yìn ọgbà wọn, fọ́tò WhatsApp la ń fi gba dókítà! Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ẹ̀ náà, ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì. Ẹ jáde wá bá wa ní Akánrán, ní Olódò, ní Mọ́níyà. Bí ẹ kò bá wá, ẹni tó ń fi fọ́tò júwe oògùn á máa gba ipò yín.

Ẹni tó máa jẹ ẹ́ ńkọ́?

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ra ẹja lóko wá tà ní Bódìjà, Ọ̀jọ́ọ̀ àti Mọ́níyà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Tí àgbẹ̀ bá rí i pé ẹja ń kú lẹ́yìn tó ti da oògùn sí i, kí ló máa ń ṣe? Á pè yín. Á ní ẹ wá kó o ní ẹ̀dínwó. Ẹja tó jẹ oògùn lánàá, ìkòkò ata ló máa bọ́ sí lónìí.

Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá fi oxytetracycline tí ìjọba fọwọ́ sí tọ́jú irú ẹja àrọ̀ tiwọn, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn oògùn kí wọ́n tó pa á fún jíjẹ. Chloramphenicol àti Flagyl, Yúróòpù ti lé àwọn méjèèjì kúrò lára ẹran àti ẹja jíjẹ kí ọdún 2000 tó dé. NAFDAC tiwa náà kò fọwọ́ sí chloramphenicol fún ohun tí èèyàn máa jẹ. Ẹ má sì gbé malachite green wá o, ìyẹn oògùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà fún ẹja inú gíláàsì tí àwọn olówó fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀. Ẹja ọ̀ṣọ́ kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Tiwa, ọmọ wa ló ń jẹ ẹ́. Ẹ má sì sọ pé iná á pa á. Iná kì í pa gbogbo oògùn, bẹ́ẹ̀ ni èéfín ẹja yíyan kì í lé e lọ.

Kòkòrò tó bá ti mojú tetracycline nínú pọ́ǹdù, kò ní jókòó sínú pọ́ǹdù. Á bá omi tí a dà nù lọ sódò, á bá ọwọ́ wa wọlé. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá wá ní ọgbẹ́ tó ń kẹ̀, tí oògùn kò ràn án mọ́, ta la fẹ́ bi? Àwọn onímọ̀ ṣírò ẹ̀ pé ní 2019 nìkan, èèyàn bíi mílíọ̀nù 1.27 ló kú lágbàáyé nítorí kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́. N kò sọ pé pọ́ǹdù wa ló pa gbogbo wọn. Mo ní ká má fi tiwa kún un ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe

Ẹja kọ oúnjẹ tàbí ó gbórí sókè. Ẹ má sáré lọ sí kẹ́míìsì. Ẹ ṣe báyìí:

Àkọ́kọ́, ẹ dá fíìdì dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ebi ọjọ́ méjì kì í pa àrọ̀.

Ìkejì, ẹ gbóòórùn omi, ẹ wo àwọ̀ ẹ̀, ẹ fi ohun ìyẹ̀mí-wò wò ó bí ẹ bá ní. Ẹ kọ aago tí ẹ rí òkú sílẹ̀ àti iye tó kú. Ìwé kékeré kan àti bírò tó.

Ìkẹta, ẹ tú ìdajì omi nù láti ìsàlẹ̀ níbi tí ìdọ̀tí wà, ẹ fi omi tuntun rọ́pò ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹ tún tú díẹ̀ sí i. Ẹ má pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn lè dá gìrì sí ẹja lára. Bó bá jẹ́ omi bọhóòlù, ẹ jẹ́ kó ti òkè já bọ́ kó lè gba ọ́síjìn. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, chlorine wà nínú ẹ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ níta fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Ẹ má da eérú tàbí ẹfun sí i lásìkò yìí, pH ló máa gbé sókè, ammonia á sì le sí i.

Ìkẹrin, iyọ̀. Kìlò 1 sí 1,000 lítà omi. Ẹ yọ́ ọ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fọ́n ọn ká. Iyọ̀ kì í lé ammonia lọ, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹja lọ́wọ́ nitrite, ó sì ń dín ìnira ara ẹ̀ kù.

Ìkarùn-ún, bí omi bá ti dára tí ikú kò dáwọ́ dúró, ẹ gbé ẹja mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń ṣàìsàn lọ bá dókítà ẹranko. Kó jẹ́ ààyè o, nínú ọ̀rá tí omi pọ́ǹdù àti afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀. Ẹ bu omi pọ́ǹdù náà dání sínú ìgò ọ̀tọ̀. Òkú tó ti wà lójú omi láti àárọ̀, oríṣiríṣi kòkòrò ti wọ̀ ọ́, kò lè sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ìkẹfà, bí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò tó ní oògùn kòkòrò ló kàn, ẹ lò ó. Oògùn kì í ṣe ọ̀tá wa. Ẹ jẹ́ kó wọn ẹja, kó ṣírò oògùn lórí ìwọ̀n ẹja, kó sọ iye ọjọ́ tí ẹ máa lò ó àti iye ọjọ́ tí ẹ máa dúró kí ẹ tó tà. Ẹ má dá a dúró ní agbede méjì torí pé ara ẹja ti yá.

Ìkeje, ẹ sin òkú sínú ilẹ̀, kó jìn sí kànga. Ẹ má jù ú sínú gọ́tà, ẹ má fún ajá. Ẹ má sì yá nẹ́ẹ̀tì láti oko tí ẹja ti ń kú. Ẹja wẹ́wẹ́ tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó bá àwọn ti tẹ́lẹ̀ pàdé.

Ẹ̀yin oníṣòwò, láti òní lọ, tí ẹ bá dé oko, ẹ béèrè: "Ṣé ẹja yìí lo oògùn? Ọjọ́ wo lẹ dá a dúró?" Bí àgbẹ̀ bá ń kálòlò, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá ń béèrè, a máa tún ara wa ṣe. Owó yín ni pàṣán wa.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Omi ló ṣẹ̀, ẹ yé gé ẹja. Mo tún kọ́ ẹja sínú pọ́ǹdù Lálúpọn yẹn lẹ́yìn náà. Ẹja 700 ni mo kó sí i, n kò tún kó 1,500 mọ́. Pọ́ǹpù méjì ni mo ní báyìí, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń dúró dè é. Láti ìgbà yẹn, n kò tú kápúsù kan sínú omi. Ẹja ń kú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí oko tí kì í kú. Àmọ́ ìyàwó mi kò tún ka òkú 640 mọ́.

Ẹni tó bá mọ àgbẹ̀ tó di kápúsù mú lọ́wọ́ báyìí, kó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn án kó tó tú u. Kó kọ́kọ́ bi í léèrè kan ṣoṣo: "Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ omi gbẹ̀yìn?"